Ilà Tí Iná Kọ

Yàrá ẹ̀yìn nílé wa l'Ókèsà, n'Íléṣà,
níbi tí a ń kó àpò sìmẹ́ǹtì àti kẹ̀kẹ́ ọmọ sí tẹ́lẹ̀,
mo ti fi aṣọ dúdú di ojú fèrèsé rẹ̀ pa.
Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ tọ́jú:
iná ò lè kọ̀wé sára ọ̀sán.

Mo gbé asẹ́ ògì síwájú gílóòbù,
ojú ọmọ alájọgbé wa kún bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ olóde.
Ó wo fọ́tò náà, ó ní òun ò gbà á.
Mo gbé ajere tí a ò fi yan ẹran mọ́,
ihò rẹ̀ tóbi jù, oṣù méje yọ níwájú orí kan ṣoṣo.
Mo ta kọ́tìnì léèsì, òdòdó hù sí bàbá aránṣọ lọ́rùn,
ó rẹ́rìn-ín títí, fọ́tò náà mì.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju báyìí lọ:
gbé e sún mọ́ iná, òjìji á wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná;
gbé e sún mọ́ ojú, á mú bí abẹ.

Ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Ìbíwùmí dé láti Ìbòkun,
nítorí fọ́tò tí yóò lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì:
ẹ̀yìn funfun, etí méjèèjì, kò sí ẹ̀rín.
Ìṣẹ́jú méjì, ó parí.
Mo ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ n dán nǹkan wò."

Fọ́ọ̀kì wà nínú àwo ìrẹsì tí mo jẹ kù.
Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo nà án síwájú iná.
Ilà mẹ́rin bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ òbọ̀rọ́ tí abẹ kò kàn rí.
Mo yí ẹ̀rọ, mo fi hàn án.
Ó bọ́ awò ojú. Ó tún un wọ̀.
"O fi ọ̀kan lé e," ló wí.
"Mẹ́ta ni ulà Ìbídàpọ̀."

Ulà ló pè é, bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà,
òun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní "ilà."

Ìbídàpọ̀ ni ìyá tó bí mi.
Wọ́n bù ú ní pélé lọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ;
kí àbúrò tó dé, olóòlà ti kú, bàbá wọn ti di ọmọ ìjọ.
Létí odò, àwọn ẹgbẹ́ a máa bi àbúrò pé
"Ṣé ọmọ ilé yín ni ọ́, àbí wọ́n gbà ọ́ tọ́ ni?"
Ẹ̀gbọ́n a mú èédú, a fa mẹ́ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.
Wọn á délé, ìyá wọn á na àwọn méjèèjì.
Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí.
Fọ́tò kan ló kù wá, òjò sì ti wọnú férémù.

Mo tẹ eyín fọ́ọ̀kì kan sẹ́yìn.
"Gbé e sísàlẹ̀. Ti ìyá rẹ ò gùn tó yẹn.
Dà á díẹ̀, ọwọ́ olóòlà yẹn wọ́ ní ìparí.
Rárá, òsì. Ti òsì ló jìn jù."
Mo ti sùn lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn rí. Mi ò rántí òsì.

Wọ́n mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ilà náà ń bá a gbọ̀n,
bíi ti ẹni tó fẹ́ pe ènìyàn lórúkọ.
"Dúró báyẹn," ó ní. "Má mí."
Èmi ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ilà tí kò ṣẹ̀jẹ̀, tí kò mọ omi ìgbín,
a pa tọ́ọ̀ṣì, kò sí mọ́.
Ó ju fọ́tò ìjọba sínú báàgì láìwò ó.
Ìkejì, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí n má kọ orúkọ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń ka fọ́ọ̀kì:
márùn-ún. Ó tún un kà.
Mo ń wo àjà.