Ìgò Erùpẹ̀ Lójú Fèrèsé

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba ní Kàbà,
kì í ṣe gígùn, kì í ṣe ìbú:
ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń wọ̀n.
Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti oko yín,
n ó dà á sínú ìgò, n ó bomi sí i,
n ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, n ó gbé e sójú fèrèsé.
Yanrìn ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tó kí mi tán.
Amọ̀ ni kì í yára. Amọ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi
kó máa ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni omi.
Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní yunifásítì nìyẹn: ìmọ̀ ilẹ̀.
Kò sí òfin kankan nínú rẹ̀.

Àfìgbà tí wọ́n pe bàbá mi lẹ́jọ́
lórí àkùrọ̀ ẹ̀yìn òkè,
níbi tí tírélà símẹ́ǹtì ti ń ya gba ọ̀nà Ọbàjánà,
tí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè lánàá
ti di ti baba gbogbo ayé.
Lọ́yà wa ti Lọ́kọ́jà wá. Kọ́là rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó dìde, ó ní, "Olúwa mi, ilẹ̀ pupa tí à ń wí yìí..."

Pupa kẹ̀! Àkùrọ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò!
Mo ń yí lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni jókòó lé ìjàlọ.
Mo nawọ́. Adájọ́ wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀:
"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé lọ́yà ni ọ́?"
Rárá, Olúwa mi.
"Jókòó."

Mo jókòó. Ọkàn mi ò jókòó.

Mo ta ọ̀kadà mi, mo ta fìríìjì.
Yèyé mi ní, "Ìbíyẹmí, ilé-ìwé wo ló tún kù,
lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógójì?
Ẹgbẹ́ rẹ ń gbọ́mọ pọ̀n, ìwọ ń gbé báàgì kọ́rùn."
Mo ní, "Okun o, Yèyé."
Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ń kíni, ó ń bẹni, ó ń tuni nínú.
Ó gbà á bí ẹ̀bẹ̀. Kò gbà á bí ìdáhùn.

Ní kíláàsì, àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún ń pè mí ní Màmá Kàbà.
Wọ́n máa ń kàwé tán kí n tó rí gíláàsì mi.
Orúkọ ẹjọ́ ń yọ̀ lórí mi bí omi lórí ewé kókò.
Ọjọ́ kan olùkọ́ bèèrè:
bí ẹlẹ́rìí méjì bá ta ko ara wọn, kí ni kí a ṣe?
Wọ́n ń ṣí ìwé wàràwàrà.
Mo ní, "Ẹ gbé e sójú fèrèsé."
Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín,
kò sì sọ pé mo gbà á.

Mo délé lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n tún ti sún ẹjọ́ síwájú.
Bàbá bèèrè ọdún tó kù.
Mẹ́ta, mo ní, pẹ̀lú ti Ilé-ẹ̀kọ́ Lọ́yà l'Ábújá.
Ó fi ìka kà á, ó tún un kà.
"Ẹjọ́ á dúró dè ọ́," ó ní. "Ti ara mi ni mi ò mọ̀."
Ó fa ọ̀rá kan yọ lápò, erùpẹ̀ dúdú ló wà nínú rẹ̀,
ó ṣì tutù.
"Mú un dání. Bí wọ́n bá tún ní kí o jókòó..."
Kò parí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ìgò náà ti wà lójú fèrèsé.
Ọmọ tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n da omi ìdọ̀tí yẹn nù.
Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Amọ̀ ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán.