Tòmátì Kì í Dúró Deni

Aago mẹ́rin ìdájí, Navrongo ṣì ń hanrun.
Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ayamga tẹ iná, ó di eré.
Igba àpótí tòmátì,
èmi Akolgo, ọmọ ọkọ̀, lórí wọn,
okùn lọ́wọ́ ọ̀tún, òkèlè jéró àná lọ́wọ́ òsì.
Lamisi tó lẹrù wà níwájú,
ó so owó mọ́ ìbàdí, ó so ojú mọ́ aago.
"Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ bá wa lójú ọ̀nà," ó ní,
"omi ọbẹ̀ ni mo rù dé Akra."

Bolga: fìì!
Igi oṣè nawọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n jà lólè,
n ò ráyè béèrè ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọ́n ní àpáta Tongo máa ń súfèé lásìkò ọyẹ́.
Ọyẹ́ rèé. Ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ n gbọ́.
Pwalugu: afárá, odò funfun nísàlẹ̀,
obìnrin kan ń fọṣọ, ó gbójú sókè,
ó juwọ́ sí mi.
Kí n tó jù ú padà, a ti wà ní Walewale.

Tamale: alùpùpù, kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́, alùpùpù.
Ayamga ò yà jẹun.
Owó fò jáde lójú fèrèsé, omi inú ọ̀rá fò wọlé,
táyà ò dúró.
Yapei: odò funfun, ìwọ náà tún nìyí?
Ọ̀nà ẹ̀bùrú wo lo gbà?
Mo kí i bí àna téèyàn bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.
Ní Buipe, odò dúdú ni. Ìyẹn ò mọ̀ wá rí.

Kintampo, tí wọ́n ní ó jẹ́ ìdodo orílẹ̀-èdè,
gbòlà!
Táyà bẹ́.

Mo bọ́ sílẹ̀. Láti òru, ìgbà yẹn lẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.
Ilẹ̀ gbóná. Àwọn èèrà ń lọ, wọn ò kánjú.
Jáàkì ń yọ̀, Ayamga ń bú táyà, ó ń bú ìyá táyà.
Ọmọ kékeré kan tó ń ta iṣu sísun, Badu lorúkọ rẹ̀,
wo oje pupa tó ń kán lẹ́yìn ọkọ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ṣe léṣe?"
Lamisi bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà gùn, ó gùn títí ó fi di nǹkan mìíràn.
Ó ra iṣu. Kò jẹ ẹ́.

Techiman kọjá, Kumasi gbé wa mì,
ó pọ̀ wá lálẹ́.
Ọlọ́pàá na àtẹ́lẹwọ́, Ayamga na tirẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ méjì kíra wọn, ọ̀nà là.
Èdè ń yí lábẹ́ wa bíi jíà:
"bulika" ni wọ́n fi jí mi,
"dasíba" ni mo fi ra omi,
"maadwo" ni wọ́n fi ń kí wa báyìí.
Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó, òjò!
Òjò tí ilé wa ò rí láti oṣù Ọ̀wàrà,
ó bá mi lórí ẹrù láìní agbòjò,
mo lanu sílẹ̀, mo mu ún.
Nkawkaw: òkè ńlá kan dúró lápá òsì nínú òkùnkùn,
bíi màlúù tó sùn lóòró.

Akra. Aago mẹ́ta kọjá.
Lamisi ṣí àpótí kìíní: ó ti rọ̀. Èkejì: ó ti rọ̀.
Ẹ̀kẹta le, ó pupa bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.
Ó kà wọ́n títí. Mọ́kànlélógóje ló yè.
Kò sunkún. Ó ju ẹyọ kan sí mi, mo gé e jẹ,
eruku Navrongo ṣì wà lára rẹ̀.
Wọ́n ní òkun wà lẹ́yìn ilé tó wà lọ́hùn-ún.
Mo gbọ́ ọ. N ò rí i.

"Aago márùn-ún la ó padà," Ayamga wí.
Mo ní: "Bá a bá dé Pwalugu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.
Mo jẹ ẹnì kan ní ìjuwọ́ kan."
Kò dáhùn.
Ó ń fẹsẹ̀ ta táyà wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.