Omi Márùn-ún

Ọyẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ kejì tí ilé-ìwé wọlé,
ètè gbogbo wa ti là bí èèpo igi.
Láti fèrèsé láàbù wa ní Òkè-Àdó
a ń wo òrùlé páànù tó dípẹtà, títí dé ẹsẹ̀ Màpó,
eruku dà bò wọ́n.

Ìyáàfin Láyíwọlá padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.
Oyún tó gbé lọ kò sí níkùn mọ́,
kò sì sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.
A kò béèrè. Ta ni yóò béèrè?

Ó bu òkúta búlúù sínú àwo tańganran.
"Mufútáù, wọ̀n ọ́n." Gíráàmù méjì ààbọ̀.
"Ṣé ó gbẹ àbí ó tutù?"
"Ó gbẹ, mà."
"Omi wà nínú rẹ̀.
Omi márùn-ún fún ẹyọ iyọ̀ kan.
Kì í ṣe omi tó ta sí i lára o,
onílé ni omi yìí, ó ní yàrá tirẹ̀.
Òun ló fún un ní àwọ̀, òun ló fún un ní igun."

Gáàsì ti tán láti ọdún èṣí;
sítóòfù kẹrosíìnì la tàn.
Gíláàsì tó nà sókè rẹ̀ làágùn.
Búlúù ń sá láti etí àwo wá sáàárín,
ó ṣì, ó ṣì,
ó di ìyẹ̀fun, funfun bí ẹfun.
Mufútáù tún wọ̀n ọ́n: gíráàmù kan
ó lé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
"Aláìlómi nìyí. Kò kú. Iyọ̀ náà ni."

Ni Tàwákàlítù, ẹlẹ́nu bí abẹ,
bá sọ ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ:
"Mà, omi ló dànù, agbè ò fọ́."
Láàbù pa lọ́lọ́.
Sítóòfù nìkan ló ń mí.

Kò bínú. Ó kán omi ẹyọ kan sí i.
Èmi ni mo di àwo mú: ó gbóná lójijì,
búlúù sì dé. Kíláàsì hó yèè.
Òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.
Ó fi ìka tẹ ẹrẹ̀ búlúù náà:
"Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Àwọ̀ padà.
Igun òkúta kò padà lónìí.
Ìyẹn ń fẹ́ omi púpọ̀, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àti ọjọ́."

Mo kọ ọ́. Wọn kò bi wá nínú ìdánwò.
Ó bu omi sí àwo, ó gbé e sójú fèrèsé,
ibẹ̀ ló wà títí àkọ́rọ̀ òjò;
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mì ín.