Eruku àti Ìkookò

Oṣù kẹta rèé tí mo dé Fúntúà.
Ìwé pẹlẹbẹ tí mo rà ní ibùdókọ̀
ti kọ́ mi ní "omi", ní "iyọ̀", ní "èló ni?",
kò kọ́ mi ní ohun tí à ń sọ fún aboyún lóru
tó bá di ọwọ́ mi mú tó ń pe ìyá rẹ̀.
Agbẹ̀bí ni mí. Ẹnu mi ni ìdajì oògùn mi,
ẹnu náà sì ti yadi.

Delu gba ìwé náà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn,
ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó sọ ọ́ sápò.
Ọjọ́ tí mo tún rí i, ó ti di ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà.
Ó nawọ́ sí ẹní, ó nawọ́ sí òṣùpá.
Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́, mo sì lọ.

Láàárín àwọn ọmọdé tí ikun ń dà nímú wọn,
èmi, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì,
jókòó sẹ́yìn Tabawa ọmọ ọdún mẹ́fà.
"Ga ta, ga ta nan ku!"
Gbogbo wọn dáhùn: "Ta zo mu ji ta!"
Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.
Ara mi ti dáhùn "Ààlọ̀"
kí etí mi tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo dá mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Àlùbọ́sà: mo dì mọ́ ọn bí ọmọ ìyá tó sọnù lójú ogun.
Wàhálà: ó wọ aṣọ ìlú wọn,
ó mójú kúrò bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Nílé wa, "ó" kan ṣoṣo la ní,
ọkùnrin ń jẹ nínú rẹ̀, obìnrin ń jẹ nínú rẹ̀,
ewúrẹ́ pàápàá ń bù níbẹ̀.
Níhìn-ín, oòrùn jẹ́ obìnrin, òṣùpá jẹ́ ọkùnrin.
Mo ń ró ìró fún ọba nínú ìtàn,
Tabawa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà:
"Ya! Ba 'ta' ba!"

Alẹ́ tí ọyẹ́ dé, Delu dákẹ́, ó ní kí n sọ tèmi.
Mo ní obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ní gbogbo ìgbà,
ó gbá a, ó gbá a, ó ṣílẹ̀kùn,
ó pariwo sí ọkọ rẹ̀: "Kura ta shigo!"
Eruku ti wọlé, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.
Kinní kékeré kan wà tó yẹ kí n há sọ́fun kí n tó já a.
N kò há a.
Ìkookò ló bẹ́ jáde lẹ́nu mi.

Àwọn ọmọ fọ́n ká, ọ̀kan kó sẹ́yìn odó.
Delu rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.
Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá
bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, Tabawa wá fa ìró mi.
Delu ti bẹ̀rẹ̀: obìnrin kan wà tí kì í sinmi ìgbálẹ̀.
Eruku tó gbá síta kó ara jọ lábẹ́ igi,
ó hu ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó hu eyín,
ó padà wá kanlẹ̀kùn lóru.
"Ìwọ lo bí mi. Kí ló dé tóò jẹ́ n wọlé?"
Delu kò wò mí rárá.
Mo bi í níbo ló ti gbọ́ ìtàn náà.
Ó ní ẹ̀wà ń jó, kí n lọ sọ̀ ọ́.

Lánàá, ọyẹ́ gbé ilẹ̀ dìde,
ọmọ kan tí n kò mọ̀ rí sá kọjá lójú fèrèsé wa,
ó ń nawọ́ sí eruku, ó ń ké: "Kura ta zo!"
Aboyún orí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín nínú ìrora,
ó bi mí bóyá mo mọ ìtàn yẹn.
Mo ń fọ ọwọ́ mi lọ́wọ́.
Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.