Ìwé Wàrà

Ìṣó ni Endel fi ń lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀.
Ìkíní, lóṣù tí a wú ọ̀dùnkún nílẹ̀;
ìkejì, kí yìnyín tó bo òrùlé ilé ẹran.
Nígbà tó dé ìkarùn-ún, mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní kó gun ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ màlúù.
Ó gùn ún, ó ké bí ọmọ màlúù, kí n lè rẹ́rìn-ín.
Kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Ọkùnrin tó ń fi èjìká kan gbé àpò ajílẹ̀!

Làkúrègbé ni wọ́n pè é ní Võru.
Làkúrègbé wo ló ń ṣí kiri bí ayálégbé?
Lónìí orúnkún, lọ́la ọrùn ọwọ́,
lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti kẹ́rù lọ sí kókósẹ̀.
Oògùn tí wọ́n fún un dà bí ẹni ṣílẹ̀kùn fólè:
ìgbẹ́ gbuuru dé, ara ń yọ́ bí àbẹ́là.
Ó rù hangogo.
Àwọn ará àdúgbò ń sọ jẹjẹrẹ lábẹ́ ahọ́n.
Ìyá rẹ̀ ti nu bàtà dúdú rẹ̀.

Ní Tartu, Dókítà Maret ń jẹ ápù nígbà tí a wọlé.
Kò béèrè ibi tó ń dunni.
Ó ní, “Kí ló kọ́kọ́ dé?”
Endel ní, “Rírù ni.”
Mo ní irọ́ ni.
Mo fa ìwé wàrà yọ,
ibi tí mo ń kọ lítà màlúù kọ̀ọ̀kan sí,
àti létí ewé, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù:
*Orúnkún E. wú. Èmi ni mo fún wàrà.*
Ọdún méje sẹ́yìn.
Ó ń ṣí ewé, ó ń ṣí ewé,
ápù náà ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí tábìlì.
“Oríkèé,” ó ń bá ara rẹ̀ sọ, “ọdún méje ṣáájú ikùn.”

Wọ́n ti okùn oníná gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀,
wọ́n já ẹran bíńtín nínú ìfun, wọ́n rẹ ẹ́ láró.
Ó pè mí sídìí awò tí í sọ eruku di òkè:
elése àlùkò ni gbogbo rẹ̀,
bí aṣọ tábìlì tí ọbẹ̀ bíìtì dà sí.
“Kòkòrò inú ilẹ̀ ni. Inú ìwé nìkan ni mo ti rí i rí.”
Ilẹ̀ tí à ń fi ọwọ́ wú!

Ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ omi abẹ́rẹ́, ọdún kan lórí hóró oògùn.

Lánàá ó béèrè òòlù.
Mo wo bẹ́líìtì rẹ̀, mi ò dáhùn.
Ó ní ilẹ̀kùn ilé ẹran ló ń já.