Ìró Imú Kan

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje.
Kọ́kọ́rọ́ wọ ihò, ó kọ̀, kò yí.
Mo tutọ́ sí i bí Wiebe ti máa ń ṣe,
mo fèjìká ti ilẹ̀kùn,
mo bú u ní èdè Dọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀ ẹ́ ní èdè Potogí.
Ìgbà tí mo dákẹ́ ló tó ṣí.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀:
eérú iná ọjọ́sí, ìtọ̀ èkúté,
ògiri òkúta tó ń làágùn nínú òkùnkùn.
Ilé téèyàn ò gbé, ẹlòmíì a gbé e.
Aláǹtakùn ti ta aṣọ sójú gbogbo fèrèsé,
kò bi mí léèrè àwọ̀ tí mo fẹ́.
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gba ojú gíláàsì tó fọ́ wọlé,
ó mọ ilé tirẹ̀ sórí gílóòbù ilé ìdáná,
ó ń wò mí bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú.
Iyọ̀ inú ìgò ti di òkúta kan ṣoṣo.

Kàlẹ́ńdà ṣì dúró sí oṣù Kẹsàn-án.
Wiebe fi bírò pupa yí ọjọ́ kọkàndínlógún po,
ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ihò èéfín.
Ọjọ́ kejìlá la lọ, nítorí àyà rẹ̀.
A ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.
A ò da wàrà inú fíríìjì nù.

Deolinda ti gbọ́ ìró ọkọ̀.
Ó gun òkè wá, ẹyin mẹ́fà nínú fìlà ọkọ rẹ̀,
ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin lórí orúnkún méjì tí kò gbọ́ràn mọ́.
Kò béèrè Wiebe.
Ó yọjú wo ìjókòó kejì nínú ọkọ̀,
ó rí àpò ọ̀dùnkún tí mo fi bẹ́líìtì dè síbẹ̀,
ó ṣe àmì àgbélébùú, ó ń ròyìn omi:
omi kì í gòkè mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú;
iná ẹ̀ẹ̀rùn jó dé ibi igi ólífì Zeferino, ló bá ta ewúrẹ́;
àlùfáà kan ló ń ṣe abúlé méje báyìí,
Ọlọ́run gan-an ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀.

Èmi ń mi orí. Ahọ́n mi ti dípẹtà.
Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí;
ọ̀rọ̀ yọ̀ lẹ́nu mi,
mo ní mo wà nílé ọkọ.
Lédè wọn, ìró imú kan ṣoṣo
ló wà láàrin àárẹ̀ àti ìgbéyàwó.
Mo gbọ́ àṣìṣe náà, mi ò lè kó o padà.
Deolinda ò rẹ́rìn-ín.
Ó gbọn fìlà, ó ní,
"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Mo gbálẹ̀ títí ọwọ́ fi bó.
Ẹ̀rọ omi wúkọ́ bí arúgbó,
ó bi omi pupa, ó sinmi, ó tún bì,
kó tó rántí bí omi ṣe ń rí.
Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú bàtà òjò Wiebe,
ti ẹsẹ̀ òsì nìkan. Mo dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Lálẹ́ mo sùn sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí ibùsùn,
mo kó tọ́ọ̀ṣì àti ìwé sí tirẹ̀.
Agogo ṣọ́ọ̀ṣì níbí a máa lu wákàtí lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí ẹni tí kò kà á dáadáa.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n kan ilẹ̀kùn:
ọmọ Zeferino, àkàbà léjìká,
irùngbọ̀n lójú ẹni tí mo fi sílẹ̀ lọ́mọ ilé ìwé.
"Bàbá mi ní kí n wá wo ihò èéfín.
Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ló ránṣẹ́.
Wọlé. Rọra, orí rẹ —
ẹyẹ ń sàba níbẹ̀.