Èwo Ni Nínú Wọn?

Kọ̀ǹpútà mi ti ń húkọ́ láti oṣù Ẹrẹ̀nà.
Mojírádé àbúrò mi ní, "Kó ẹrù ẹ kúrò ńbẹ̀
kó tó kú mọ́ ẹ lọ́wọ́."
Òun ló yẹ kó sọ ọ́.
Omi Ògùn ló wọlé tọ̀ ọ́ ní Láfẹ́nwá lọ́dún yẹn,
tó gbé àpótí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.
Ó ní òun rí ojú ọkọ òun tó léfòó,
tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí ọ̀nà afárá.

Ni mo bá ra dátà òru,
mo jókòó ní pálọ̀ wa ní Ìtòkò,
mo ń kó wa lọ sójú àwọsánmà.

Màmá ò sùn. Wọ́n fi ìborùn wé ara, wọ́n jókòó tì mí.
"Ta ló ni ilé tí o ń kó wọn lọ?"
Mo ní ará òkè òkun ni.
"O mọ̀ ọ́n?" Mi ò mọ̀ ọ́n.
"Èló lowó ilé?" Mo sọ ọ́. Oṣooṣù ni.
"Tí a ò bá wá rówó san, ṣé wọn á kó ẹrù wa síta?"
Mi ò dáhùn.
"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"
Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ohun tí ènìyàn ń kó pamọ́:
fọ́tò àgbàdo kan ṣoṣo, mi ò mọ ìdí.
Rìsíìtì símẹ́ńtì.
Ẹwàtómi lọ́nà mọ́kànlélógún, ẹ̀rín kan náà,
eyín iwájú ò sí nínú ọ̀kankan.
Ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ẹsẹ̀ ta ni?
Òkùnkùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin,
ìgbà tí fóònù ń ká fídíò nínú àpò mi,
tí èmi àti ẹnì kan tí a ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́
ń ná ọsàn ní Kútọ̀.
Mo gbọ́ ohùn ara mi. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mi ò mọ̀.

Ìlà kékeré kan ń rìn lójú ẹ̀rọ
bí ìgbín tó ń gun Olúmọ.
Àwọn baba ńlá wa sá wá sábẹ́ àpáta,
ohun tó wúwo ni wọ́n fọkàn tán.
Èmi rèé, ọmọ wọn,
ohun tí ò ṣeé dì mú ni mo sá tọ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ìlà dúró.
Mo wo orúkọ fáìlì: nọ́ńbà lásán.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Bàbá ni.
Wọ́n dúró ti alùpùpù wọn, wọ́n ń ta á nípàá, kò dáhùn.
"Ṣé ó ti ń ká a?"
Mo ní, "Ó ti ń ká a, Bàbá."
Wọ́n tún ọrùn bùbá wọn ṣe. "Ó dáa. Ẹ kú..."
Ó tán. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlógún.
Ẹni tí wọ́n fẹ́ kí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pa.
Mo rò pé àyè ṣì wà.

Màmá ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe.
Iná lọ. Bátìrì kù díẹ̀.
Mo tún un ṣe.

Nígbà tó gòkè tán, ẹ̀rọ bi mí:
ṣé kí n pa ti ilẹ̀ rẹ́? Ó ti wà lókè.
Mo ní rárá.
Ó tún béèrè. Mo ní rárá.

Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Mo fi bàbá mi síbi tó ga ju òrùlé lọ, mo sì sùn,
lórí àga, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Màmá dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi,
wọ́n gbójú sókè. Oṣù Agẹmọ ni, ìkùukùu pọ̀,
wọ́n ń ti ara wọn lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà.
"Èwo ni nínú wọn?"
Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo ti la ẹnu.
Mo wá nawọ́ sí ọ̀kan, kékeré, tó ń dá lọ sí apá Ìbarà.
Wọ́n wò ó títí.
"Ó ń yára jù," ni wọ́n wí,
wọ́n sì lọ kó aṣọ kúrò lórí okùn.